Ẹlẹ́yin Orí Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ bèèrè Màríyámọ̀. Ẹyin ni gbogbo wọn ń bèèrè.

"Ṣé ẹyin ò fọ́ ṣá?" ni obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kígbe.

"Kí ló máa ṣe é tí ò ní fọ́? Ṣé ẹ ò rí omi ẹyin nílẹ̀ ni?" ni ẹlòmíì dá a lóhùn láti òdìkejì.

Màríyámọ̀ wà nínú ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó wọ Ajégúnlẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú gọ́tà, ẹsẹ̀ kejì lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀. Òjò tó rọ̀ mọ́jú ti sọ gbogbo ojú ọ̀nà di ọbẹ̀ ilá. Táyà ẹ̀yìn ṣì ń yí lọ ní tirẹ̀, bí ẹni tí kò tíì gbọ́ pé ìrìn-àjò ti parí. Kéréètì ẹyin mẹ́fà tó tò léra gogoro sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ti dojú bolẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, Màríyámọ̀ fúnra rẹ̀ kò bèèrè ara rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti bó, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń ta á, síbẹ̀ orí ìkúnlẹ̀ ló wà tó ń ṣí kéréètì lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń wí lábẹ́ ètè pé, "Mo gbé o. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Mummy Dárasími báyìí?"

Àwọn àgbà tó ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀ fífọ́ ní í fọ́, kò jọ pé wọ́n ru ẹyin gidi kọjá ní Ajégúnlẹ̀ rí lásìkò òjò. Ọ̀rọ̀ tó bá bọ́, èèyàn lè dọ̀bálẹ̀ kó bẹ̀bẹ̀. Ẹyin tó bá bọ́, ta lèèyàn fẹ́ bẹ̀, adìyẹ ni? Ìgbà kẹta sì rèé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Láti kékeré ni Màríyámọ̀ ti ń ta ẹyin. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹyin sísè ló ń gbé sórí àtẹ kiri láàárín àwọn tírélà tòmátò ní Mile 12. Nígbà tó dàgbà, ó bọ́ sí ẹyin tútù. Á gbà á ní Ìkòsí lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti oko adìyẹ, á sì pín in fún àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì àti àwọn tó ń din ẹyin ta lójú títì. Ọ̀kadà ló ń bá a gbé e nígbà náà. Ìgbà tí ìjọba lé ọ̀kadà kúrò ládùúgbò, tí àwọn onímàrúwà náà sì ń sá fún Ajégúnlẹ̀ nígbàkígbà tí odò Ògùn bá ti ń kún, Màríyámọ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ra kẹ̀kẹ́ ológeere. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi kọ́ ọ ní pápá ilé-ìwé kan, pẹ̀lú ṣòkòtò lábẹ́ yẹ̀rì, tó so híjáàbù rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kí atẹ́gùn má baà gbé e. Àdúgbò rẹ́rìn-ín títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òjò ló gbé wàhálà dé.

Mummy Dárasími, tó ni béékìrì tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò náà, kò pariwo nígbà tó rí i. Ìyẹn gan-an ló ba Màríyámọ̀ lẹ́rù. Obìnrin ará Ìjẹ̀bú ni, ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta, tí inú bá sì ń bí i lásán, gbogbo òpópónà ló máa ń gbọ́. Lọ́jọ́ yìí, ó kàn fa àga oníke kan síwájú ni.

"Jókòó, Ìyá Kábírù. Fi omi fọ ẹsẹ̀ ẹ."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mélòó kan ṣì kù tó dáa níbẹ̀. Màá padà lọ kó òmíì wá."

"Kí o tó dé, ilẹ̀ á ti mọ́ kanlẹ̀. Ófùn ń jó lásán, àwọn òṣìṣẹ́ mi ń wojú ara wọn." Ó mí kanlẹ̀. "Wò ó, mo fẹ́ràn ẹ. Ẹyin ẹ kì í bàjẹ́, o kì í purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìfẹ́ po fúláwà."

Màríyámọ̀ bu omi sẹ́sẹ̀.

"Lọ́jọ́ tó ṣáájú Independence, ilé-ìwé mẹ́rin ló ní kí n bá àwọn ṣe kéékì fáwọn ọmọ àwọn. Kéréètì méjìlá ni mo nílò, aago méje àárọ̀ ò gbọdọ̀ lù kí n tó rí i. Mo ti bá Godwin onímàrúwà sọ̀rọ̀. Á gbé mẹ́fà, ìwọ náà á gbé mẹ́fà. Ẹni tí ẹyin ẹ̀ bá pé lọ́jọ́ náà, òun lá máa bá mi gbé ẹyin lọ. Mo ti sọ tèmi."

"Ẹ ṣeun, Mummy." Orúnkún Màríyámọ̀ ń ta á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn ún jù. Béékìrì yìí ló ń gba ẹyin jù nínú gbogbo oníbàárà rẹ̀. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere náà kò ní nǹkan gidi tó ń gbé mọ́.

Nílé wọn ní Ìkòsí, Rùfáì ọkọ rẹ̀ gbé omi gbígbóná oníyọ̀ wá, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń fọ ojú egbò náà. Ọdún mọ́kànlá ni Rùfáì fi gun ọ̀kadà kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nísinsin yìí, ó ń bá wọn já ẹrù lórí tírélà ní Mile 12. Ọwọ́ rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò le lára egbò.

"Màríyámọ̀, ó tó báyìí. Tí o bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, tí mo bá fi ojú ara mi rí i, màá gbé báísíkù yẹn lọ fáwọn onírin ní Owódé kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, kí wọ́n rà á bí irin àlòkù."

"Ẹ̀yin náà ṣubú lórí ọ̀kadà rí, Daddy Kábírù."

"Torí ìyẹn náà ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo mọ nǹkan tí ilẹ̀ ń fi egungun ṣe." Ó fún aṣọ náà, ó tún tẹ̀ ẹ́ bọ omi. "Àti pé wọ́n ti ń pè mí ní Ọkọ Ológeere níbi tírélà."

"Kí ló wá ń dùn yín, ṣé orúkọ ni àbí orúnkún mi?"

Rùfáì rò ó díẹ̀. Kì í ṣe òpùrọ́.

"Méjèèjì," ló wí.

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Màríyámọ̀, ó gbé e mì. Ó mọ̀ pé ọkọ òun kì í fi ọ̀rọ̀ báyìí ṣeré. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Owódé Onírin, sọ́dọ̀ Bàbá Elkanah tó tà á fún un. Bàbá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọgbọ̀n ọdún ló fi pín lẹ́tà kiri àwọn abúlé Ẹ̀gbá lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, àtòjò àtẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wá sí Èkó, kò sì lè jókòó lásán. Ó wá ń ṣa àjákù kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn irin àlòkù, ó ń so wọ́n pọ̀ di odidi. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ ló burú.

"Bàbá, ẹ káàsán, sà. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ tà fún mi, nǹkan wà lára ẹ̀ o."

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Tí mo bá gùn ún lófìfo, kì í gbé mi ṣubú, ì báà ṣe nínú ẹrẹ̀. Tí mo bá ti gbé ẹyin lé e báyìí, á ní òun ò gbà."

Bàbá Elkanah gbé òòlù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"O wá fẹ̀sùn àjẹ́ kan irin. Gbé e wá síbí."

Ó kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ táyà. "Ta ló fẹ́ ẹ tó le báyìí?"

"Fọkanáísà wa ni. Mo ní kó fẹ́ ẹ kó le dáadáa kó lè gbé ẹrù."

"Gbogbo yín ní Èkó yìí, ohun tó bá ti le lẹ rò pé ó lágbára. Táyà tó bá le, orí ẹrẹ̀ ló máa ń sá kọjá. Èyí tó bá rọ̀ díẹ̀ ló ń rí ilẹ̀ dì mú." Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ìdérí kékeré ara táyà, ó tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ pariwo ṣíì. "Ẹrù ńkọ́? Níbo lò ń dì í sí?"

Màríyámọ̀ fi hàn án. Lórí irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni, kéréètì lórí kéréètì, títí yóò fi ga dé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi gbé e lọ sókè ọ̀run?"

"Bàbá, oúnjẹ ni! Ta ló ń so oúnjẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ níbi tí ẹrẹ̀ á ti máa ta sí i?" Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Láti kékeré, ohun tí èèyàn ń jẹ, orí ló ń gbé e sí.

"Kẹ̀kẹ́ ò lórí," ni Bàbá Elkanah wí. Ó rá pálá wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò méjì jáde, ó so wọ́n rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì táyà ẹ̀yìn. Ó kó àjákù irin sínú wọn títí wọ́n fi wúwo tó kéréètì mẹ́fà. "Gùn ún lọ síbi omi yẹn, kí o padà."

Màríyámọ̀ gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀. Ẹrẹ̀ náà burú, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà rọra ń lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní kí Bàbá jẹ́ kí òun gbé kéréètì ẹyin kan tó wà lọ́wọ́ òun sí i, kí òun fi gbìyànjú. Wọ́n kó irin dànù, wọ́n gbé ẹyin sí i. Kò tíì dé ibi omi náà tí kẹ̀kẹ́ fi yà bàrá, tó sì gbé e jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lójú gbogbo àwọn tó ń jó irin.

"Ṣé ẹ ti rí i báyìí, Bàbá!" Ó na ìka sí apẹ̀rẹ̀. "Kéréètì kan péré!"

Bàbá Elkanah yíjú sí àwọn tó ń jó irin.

"Ẹ̀yin, kí lẹ rí?"

"Ó fọwọ́ sílẹ̀, Bàbá," ni ọ̀kan nínú wọn dáhùn.

"Mi ò fọwọ́ sílẹ̀!" ni Màríyámọ̀ wí.

"O fọwọ́ sílẹ̀. Bí táyà ṣe yọ̀ díẹ̀ báyìí, ojú ẹ lọ sẹ́yìn, ọwọ́ òsì ẹ tẹ̀ lé e, ó fẹ́ di ẹyin mú. Ta ló wá ń darí kẹ̀kẹ́ nígbà yẹn?" Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. "Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ìwọ tìẹ, kí o tó ṣubú lo ti ń wo ẹ̀yìn!"

Àwọn onírin bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Màríyámọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró nínú ẹrẹ̀, ó ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó rántí ìyá rẹ̀ lẹ́bàá àwọn tírélà Mile 12, bó ṣe ń to ẹyin sísè sórí àtẹ fún un, tó ń kì í nílọ̀ lójoojúmọ́. Tí ẹsẹ̀ bá yọ̀, ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ lọ sókè, kó di àtẹ mú. Ó ti di ẹran ara rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn.

"Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, Bàbá," ló wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n ní, 'Tí o bá máa ṣubú, ṣubú. Má ṣáà jẹ́ kí àtẹ ṣubú.' Lọ́jọ́ tí mo fi eyín ya ètè, ẹyin ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè."

Ó dùn ún bó ṣe sọ ọ́ jáde. Kò mọ̀ pé ó ti ń dun òun tipẹ́.

Bàbá Elkanah gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ìyá ẹ ò jẹ̀bi. Ẹni tó bá ru ẹrù sórí, ọwọ́ ló fi ń gba ẹrù là. Orí kẹ̀kẹ́ kọ́ nìyẹn. Lórí kẹ̀kẹ́, ara ẹ ni kí o gbà là, ẹyin á tẹ̀ lé ẹ." Ó tún kó ògbójú rẹ̀ wọ̀. "Ó yá, gbé e ńlẹ̀! Má tẹ bíréèkì nínú ẹrẹ̀, má yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lójijì, má dúró. Tí ojú ẹ bá tún lọ sẹ́yìn, màá pariwo."

Ó pariwo lóòótọ́. Fún ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn tí Màríyámọ̀ bá ti fi ẹsẹ̀ pín ẹyin díẹ̀díẹ̀ fáwọn oníbàárà ìtòsí tán, yóò wá sí Owódé Onírin, yóò máa gun kẹ̀kẹ́ lọ bọ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ẹyin nínú apẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ òsì rẹ̀ bá ti fẹ́ gbéra, Bàbá Elkanah á ké láti orí àpótí rẹ̀ pé, "Iwájú!" Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn tó ń jó irin náà ti ń bá a ké e. Lọ́jọ́ kẹrin, kò sẹ́ni tó ké, nítorí pé ọwọ́ náà kò kúrò níbi tó wà mọ́.

Òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ kéékì. Nígbà tí Màríyámọ̀ kírun àsùbáà tán, òjò ti dá, ṣùgbọ́n òtútù tó wà níta mú eyín pa eyín. Rùfáì ti jí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti fìlà ìbora lórí.

"Wọ́n ní omi ti wọ Ajégúnlẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Ṣé o ṣì ń lọ?"

"Daddy Kábírù, tí mi ò bá lọ, mo ti ṣubú nìyẹn."

Rùfáì bá a gbé kéréètì wọ inú apẹ̀rẹ̀, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, ó sì fi náílọ́nù wé wọn yíká kí omi má baà jẹ bébà kéréètì. Màríyámọ̀ fi àtàǹpàkò tẹ táyà, ó sọ fún un pé Bàbá Elkanah ní kò gbọdọ̀ le jù nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí Rùfáì dì í tán, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mejì. "Mo rántí nǹkan tí mo sọ o," ló wí.

"Èmi náà rántí."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ títì Ìkòròdú lọ jẹ́jẹ́, ó kọjá Mile 12 níbi tí àwọn alárù ti ń pariwo, ó kọjá Owódé Onírin tí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Elkanah ṣì wà ní títì pa. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà Ajégúnlẹ̀, ó rí i pé òótọ́ lọ̀rọ̀. Òpópónà tó lọ sí béékìrì ti di odò. Omi náà pupa, ó sì dúró jẹ́ẹ́, kò jẹ́ kéèyàn mọ ibi tí ọ̀nà parí sí, ibi tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín omi náà, Màrúwà kan dúró. Godwin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó gbá orí mú.

"Madam Egg! E don die o. Omi ti wọ ẹ́ńjìnnì." Ó na ọwọ́. "Make you no enter, abeg. Ilẹ̀ yẹn ń yọ̀ bí ọṣẹ."

Lóòótọ́, inú Màríyámọ̀ kọ́kọ́ dùn díẹ̀. Èèyàn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo omi náà, inú dídùn yẹn wọlé lọ. Màrúwà tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta ló dúró gbagidi yìí, òun tó ní méjì ńkọ́?

Ìyá ọlọ́ṣẹ ọjọ́sí ti gbé tábìlì rẹ̀ gun orí búlọ́ọ̀kù. "Ìyá Ológeere, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tì í o! Ẹ ṣàánú ẹyin!"

Màríyámọ̀ mọ̀ pé bí òun bá sọ̀ kalẹ̀, tí òun sì ń tì í, apẹ̀rẹ̀ á máa fì, ẹsẹ̀ òun tó bọ́ sí kòtò kan péré ti tó. Ó wo àwọn òpó iná tó tò lọ ní apá ọ̀tún. Gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tí òun bá jìnnà sí wọn ní ìwọ̀n gbọ̀ngán ilé kan, kankéré ló wà lábẹ́ omi. Ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà wò, ó wí bísímílà, ó sì wọ inú omi.

Omi dé ojúgun rẹ̀. Ó ń wa ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ bákan náà, kò yára, kò dúró. Nígbà tó kọjá lára Màrúwà, Godwin yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un, kò tiẹ̀ mí. Omi ń fọwọ́ kan ìdí apẹ̀rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lá náílọ́nù. Wò ó, Màríyámọ̀. Àbí má wò ó. Iwájú.

Ìdajì ọ̀nà ni táyà ẹ̀yìn ti yọ̀.

Ó yọ̀ gan-an, kì í ṣe díẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yà lọ sápá òsì, ọlọ́ṣẹ sì figbe ta. Ọwọ́ òsì Màríyámọ̀ gbéra. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe gbéra, ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn, ó ti fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ìka mẹ́ta.

"Iwájú!" ni Màríyámọ̀ fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké sí ara rẹ̀.

Ọwọ́ náà padà síbi tó wà. Ó dì í mú ṣinṣin, ó tẹjú mọ́ ìlẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù béékìrì tó wà níwájú, ó sì ń wa ẹsẹ̀ lọ. Táyà wá ilẹ̀ lábẹ́ omi, ó wá a, ó rí i. Kẹ̀kẹ́ náà dúró ṣánṣán. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan pàtẹ́wọ́, ẹlòmíì sì gbè é, kò sì wẹ̀yìn wo ta ni.

Mummy Dárasími wà lórí àtẹ̀gùn béékìrì pẹ̀lú fúláwà lójú. Òun fúnra rẹ̀ ló tú náílọ́nù náà. Ó ṣí kéréètì kìíní, ó ṣí ìkejì. Nígbà tó dé orí ìkẹfà, ó gbé orí sókè.

"Kò sí èyí tó sán."

"Alhamdulillah," ni Màríyámọ̀ wí. Ó gbé kẹ̀kẹ́ fara ti ògiri.

"Godwin ńkọ́?"

"Ó wà láàárín omi. Màrúwà ti kú."

Mummy Dárasími káwọ́ lérí. "Yéè! Jésù, mẹ́fà lásán! Àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́rin! Ìyá Kábírù, kí ni mo fẹ́ ṣe báyìí?"

Màríyámọ̀ wo aago ara ògiri. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méje lù. Ó lè jókòó sórí àga oníke yẹn báyìí, kó mu tíì gbígbóná, tirẹ̀ sì ti pé. Kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ayọ̀ kan ti gun orí rẹ̀, ayọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nǹkan ṣe.

"Ẹ gbé ófùn kaná, Mummy. Mò ń lọ gbé e wá."

Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ Godwin, onímàrúwà náà ló gbé kéréètì wọ inú apẹ̀rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tuntun.

"Madam, after say I wan collect your work?"

"Dì í dáadáa, jọ̀ọ́. Sísọ̀rọ̀ kọ́ ló kàn." Nígbà tó rí ojú rẹ̀, àánú ṣe é. "Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, Godwin. Ẹyin á kárí wa."

Lẹ́ẹ̀kejì, èrò ti pọ̀ lẹ́bàá omi. Àwọn kan dúró sórí bákónì, àwọn kan yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tó dé ibi tí táyà ti yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn na ọrùn wò ó. Ó kọjá níbẹ̀. Ó kọjá, ó sì dé. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́rin nígbà tí Mummy Dárasími ṣí kéréètì kejìlá, tó gbé ẹyin ìkẹyìn sókè síhà iná, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Kábírù, ìwọ lò ń bá mi gbé e lọ! Òjò o, ẹ̀ẹ̀rùn o! Kí ẹnikẹ́ni má tún dárúkọ Màrúwà létí mi!"

Màríyámọ̀ gbéra lọ sílé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo méjì, búrẹ́dì gbígbóná kan sì wà láyà rẹ̀ nínú náílọ́nù. Oòrùn ti ń yọ. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ó ń kọrin, ó sì ń juwọ́ sáwọn èèyàn. Ẹni tó bá ń juwọ́, ọwọ́ kan kọ́ ló fi ń wa kẹ̀kẹ́ ni? Ó ti kúrò nínú omi tán, ó kù díẹ̀ kó dé ojú títì, lórí ẹrẹ̀ kékeré kan tí ọmọdé lè fò kọjá, ni kẹ̀kẹ́ fi yọ̀ gbìrì, tí Màríyámọ̀ sì fi ìdí lélẹ̀ gbàgà.

"Ṣé ẹyin ò fọ́?" ni ọlọ́ṣẹ kígbe.

Màríyámọ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó wo apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Ó fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lófìfo.

"Ẹyin ti dé ibi tó ń lọ! Èmi nìkan ni mo ṣubú!"

Gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín. Àfi ẹnì kan. Ọkùnrin kan tó dé fìlà ìbora dúró lẹ́nu ọ̀nà títì, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí gùlegùle bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Ìkòsí. Rùfáì ni. Ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Màríyámọ̀. Rùfáì rìn wá. Kò wo kẹ̀kẹ́, kò wo apẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o fara pa?"

Màríyámọ̀ mi orí pé rárá. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó bèèrè ìyẹn ṣáájú.

Rùfáì fà á dìde. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ náà nílẹ̀, ó sì dì í mú. Ọ̀nà Owódé Onírin kò jìnnà síbẹ̀. Màríyámọ̀ dúró, ó di búrẹ́dì náà mọ́ àyà, ó ń retí ohun tó máa wí.

Rùfáì fi àtàǹpàkò rẹ̀ tó le tẹ táyà ẹ̀yìn, ó tún un tẹ̀.

"Ó ṣì le jù," ló wí. Ó sì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ṣí ìdérí kékeré náà, ó tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ sì pariwo ṣíì.